Láptọ́ọ̀pù Ìyá Ìbejì: ráàmù ni wọ́n ń tọ́jú, hádì ló ń kú lọ

Ọjọ́ Ajé kan ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá 2025 ni Ìyá Ìbejì gbé láptọ́ọ̀pù rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ó fi ìró wé e, ó gbé e mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ aláìsàn lọ sí ọsibítù. Agbowó ni ìyá yìí ti ń ṣiṣẹ́ ìwé títẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn tó wà lódìkejì títì ló ń gbé iṣẹ́ wá fún un: próójẹ́ẹ̀tì, sẹ́mínà, ìwé ìwáṣẹ́, títí kan iṣẹ́ àwọn ọmọ tó ń ka Yorùbá, èyí tí ọ̀pọ̀ olùtẹ̀wé máa ń sá fún nítorí àmì ohùn. Kí n tó béèrè ohunkóhun ló ti sọ fún mi pé próójẹ́ẹ̀tì ọmọ mẹ́sàn-án ló wà nínú ẹ̀rọ náà, àti pé méjì nínú wọn gbọ́dọ̀ fi tiwọn sílẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì.

"Wọ́n ní bọ́ọ̀dù ẹ̀ ti kú," ló wí. "Wọ́n ní kí n lọ ra òmíràn."

Mo ní, "Ta ni wọ́n, mà?"

Ọmọkùnrin kan tó máa ń bá a tún un ṣe ni. Mo ní kó sọ ọ́ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀, kó má fo nǹkan kan. Ó ní ó tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ẹ̀rọ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ bí ìgbín. Òun á tẹ Word, òun á dìde lọ fọ abọ́, òun á padà wá, kò tíì ṣí. Ọmọkùnrin yẹn wò ó, ó ní ráàmù inú ẹ̀ (ibi tí ẹ̀rọ ń tẹ́ iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) ti kéré jù, 4 GB ni, kí àwọn fi 4 GB míì kún un kó di 8. Ìyá san ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà. Láti ìgbà tí wọ́n ti fi ráàmù yẹn sí i ni ojú ẹ̀rọ ti dúdú: iná ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń tàn, fáànù ń kùn, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń yọ lójú rẹ̀. Ọmọkùnrin náà yọ ráàmù àtijọ́, ó fi tuntun nìkan sílẹ̀, ojú ṣì dúdú. Nígbà tó jẹ́ pé tuntun ni tuntun, tí àtijọ́ sì ni wọ́n ti ń bá wí tẹ́lẹ̀, ó parí ọ̀rọ̀ sí pé bọ́ọ̀dù, pátákó tí gbogbo ẹ̀yà inú ẹ̀rọ so mọ́, ló jóná.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí lára mi: "bọ́ọ̀dù ti kú" ni gbólóhùn tí àwa tí à ń tún kọ̀ǹpútà ṣe máa ń sọ nígbà tí ọgbọ́n bá tán. Èmi náà ti sọ ọ́ rí. Bọ́ọ̀dù máa ń kú lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í sábàá yan ọjọ́ tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ki nǹkan tuntun bọ inú ẹ̀ kó tó kú. Bí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́ láàárọ̀, tí wọ́n fi nǹkan kan kún un lọ́sàn-án, tí kò sì dìde mọ́, ohun tí wọ́n fi kún un yẹn ni mo máa kọ́kọ́ mú.

Tòkúnbọ̀ ni láptọ́ọ̀pù náà. Intel Core i5-4200U ló wà nínú ẹ̀, ìran kẹrin, irú tó jáde ní 2013. Mo yọ ṣájà. Mo yọ bátìrì, torí ti ẹ̀rọ àtijọ́ yìí ṣì ń yọ láti ẹ̀yìn, kò dà bíi ti ìsinsìnyí tí wọ́n ń há mọ́ inú. Mo tẹ bọ́tìnnì tí a fi ń tan án mọ́lẹ̀ fún 30 ìṣẹ́jú àáyá kí iná tó ṣẹ́kù nínú ẹ̀ lè tán. Ọyẹ́ ti ń fẹ́ lásìkò yẹn, ìgbà tí ara èèyàn máa ń ta pàrà bí ó bá ń bọ́ aṣọ òtútù. Iná kékeré yẹn kò lè ṣe èèyàn ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó lè ba ráàmù jẹ́, nítorí náà mo fọwọ́ kan irin ojú fèrèsé kí n tó fọwọ́ kan inú ẹ̀rọ.

Mo yọ ráàmù méjèèjì. Mo fi rọ́bà tí ọmọ iléèwé fi ń pa ohun tó bá fi pẹ́ńsù kọ rẹ́ nu eyín wọn aláwọ̀ wúrà, fẹ́ẹ́rẹ́, mo sì fẹ́ ekuru rọ́bà náà dànù. Mo wá ki ti àtijọ́ nìkan bọ ihò àkọ́kọ́. Ní ìdagẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń ki í wọlé, kí a tó tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, a sì gbọ́dọ̀ gbọ́ "kẹ́" lọ́tùn-ún àti lósì. Bí kò bá dún, kò tíì wọlé nìyẹn. Ó dún. Mo tan án. Fáànù kùn, ojú dúdú fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ, lẹ́yìn náà ni àmì ilé iṣẹ́ tó ṣe é yọ fàà.

"Jésù!" Ìyá Ìbejì ti dìde.

Mo ní kó fara balẹ̀, a ò tíì débì kan. Mo pa á, mo gbé ráàmù àtijọ́ yẹn lọ sí ihò kejì. Ó tún yọ. Ihò méjèèjì dáa nìyẹn, bọ́ọ̀dù sì wà láàyè. Mo ki tuntun bọ ihò àkọ́kọ́: dúdú. Mo gbé e lọ sí ihò kejì: dúdú, iná Caps Lock sì ń ṣẹ́jú. Ìgbà mẹ́rin péré ni mo tan án tí mo pa á, kò gbà mí tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìgbà àkọ́kọ́ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn ni ọmọkùnrin yẹn kò ṣe.

Mo tẹ́ ráàmù méjèèjì sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mo sì fi iná fóònù tàn sí sítíkà ara wọn. Lára ti àtijọ́, wọ́n kọ PC3L-12800S. Lára tuntun, wọ́n kọ PC3-12800S. Mo fi ìka tọ́ka sí i fún ìyá. Ó wò ó títí, ó ní, "Ọ̀kan náà ni wọ́n." Mo ní kó tún un kà. Ó kà á ní létà kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣàyẹ̀wò ìwé tó ti tẹ̀ tán, ó wá ní, "L."

L kan ṣoṣo yẹn ni gbogbo wàhálà ojú dúdú. Ráàmù DDR3 ti ìpilẹ̀ṣẹ̀, èyí tí wọ́n ń kọ PC3 sí lára, ń lo iná 1.5 volt. Ní 2010 ni wọ́n gbé òṣùwọ̀n DDR3L jáde, èyí tí wọ́n ń kọ PC3L sí lára, tí iná tirẹ̀ relẹ̀ sí 1.35 volt, kí bátìrì láptọ́ọ̀pù lè pẹ́ sí i, kí ooru sì dín kù. Àwọn méjèèjì ní eyín 204. Ibi tí wọ́n gé ní ẹnu wọn kò yàtọ̀. Ihò kan náà ni wọ́n ń wọ̀, kò sì sí ohun tó máa dá ọwọ́ èèyàn dúró. Bó bá jẹ́ DDR4 ni, eyín 260 ló ní, kò ní wọ ihò DDR3 láéláé àfi bí èèyàn bá fi agídí ṣẹ́ ẹ. Àmọ́ DDR3 àti DDR3L dà bí ìbejì tí aṣọ kan náà wà lọ́rùn wọn. Intel sọ ọ́ fún i5-4200U pé DDR3L ni kí wọ́n fi sí i. Bọ́ọ̀dù tí wọ́n ṣe fún un ń fún ráàmù ní 1.35 volt, èyí tó ń retí 1.5 kò sì jí. Mo ti rí ẹ̀rọ ìran kẹrin kan rí tó gba PC3 lásán tó sì dìde, ṣùgbọ́n ó máa ń kú lójijì láàárín iṣẹ́, èyí tó burú ju kó má dìde rárá lọ.

Ẹni tó bá ń ra ráàmù fún láptọ́ọ̀pù DDR3, tí kò sì dá a lójú, kó ra èyí tó ní L. Èyí tó ní L lè ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ 1.5 volt. Èyí tí kò ní L ni kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé nínú ẹ̀rọ 1.35. Nọ́ńbà 12800 tó tẹ̀lé e kàn ń sọ bó ṣe yára tó ni: 1600 lọ́nà 8, ìyẹn 12,800 MB láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Níbi yìí, ẹ̀rọ ti dìde, ìyá ti ń ṣí pọ́ọ̀sì rẹ̀ láti sanwó. Ṣùgbọ́n ohun tó gbé ẹ̀rọ dé ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ lákọ̀ọ́kọ́ ńkọ́? Kì í ṣe ojú dúdú ló gbé e lọ. Ó ń wọ́ bí ìgbín ni.

Mo fi ráàmù àtijọ́ sílẹ̀ nínú ẹ̀, mo tan án, mo sì ń wo aago. Ìṣẹ́jú mẹ́rin àti 40 ìṣẹ́jú àáyá ló gbà kí desktop tó yọ, ó sì tún tó ìṣẹ́jú kan kó tó dáhùn nígbà tí mo tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀ láti ṣí Task Manager. Ohun tí mo rí níbẹ̀ rèé: CPU (ọpọlọ ẹ̀rọ) 7%, Memory (ráàmù) 61%, Disk (hádì, ibi tí gbogbo fáìlì ń gbé) 100%. Ráàmù tí wọ́n ní kò tó, ó ṣì ku bí ìdá méjì nínú márùn-ún rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lò. Hádì ní tirẹ̀ ń ṣe 100%, ohun tó sì ń kà jáde kò tó 1 MB láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Iṣẹ́ tó gba gbogbo agbára rẹ̀, èrè tí kò tó nǹkan. Mo gbé etí lé ibi tí ọwọ́ máa ń sinmi lé tí a bá ń tẹ̀wé, torí abẹ́ ibẹ̀ ni hádì ẹ̀rọ yìí wà. Mo gbọ́ ọ: tàk, kírírí, tàk.

Mo pa ẹ̀rọ náà lójú ẹsẹ̀.

Hádì irú èyí, àwo ló wà nínú ẹ̀, àwo tó ń yí nígbà 5400 láàárín ìṣẹ́jú kan, tí orí kékeré kan ń kọjá lókè rẹ̀ láì kàn án. Bí orí náà bá dé ibi tó ti bàjẹ́, kì í fi í sílẹ̀. Á tún un kà, á tún un kà, bí ẹni ń ka lẹ́tà tí òjò ti pa. Gbogbo ìgbà tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, Windows dúró ń retí rẹ̀, Word dúró ń retí Windows, Ìyá Ìbejì sì lọ ń fọ abọ́. Ìdí nìyẹn tí ráàmù kankan kò fi lè wo àìsàn yìí sàn, ìbá à jẹ́ 32 GB.

Mo bi í pé, "Mà, ṣé ó ti ṣubú rí?"

Ìyá dákẹ́. Ó wo òkè àjà. Ó ní, "Taiwo fà á látorí tábìlì ní oṣù Kẹwàá. Àmọ́ kò fọ́ o! Ojú ẹ̀ ò tiẹ̀ sán."

Ó wà lórí iná nígbà tó ṣubú. Àwo ń yí, orí ń fò, ilẹ̀ sì ni kọnkéré. Mi ò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé ọjọ́ yẹn gan-an ló ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ó bá gbogbo ohun tí mo ń gbọ́ mu.

Àṣìṣe tèmi ló kàn. Nítorí pé ìyá ń kánjú, tí àwọn ọmọ sì ń pè é lórí fóònù ní gbogbo ìgbà, mo fi fláṣì tí Linux Mint (ètò tó lè tan kọ̀ǹpútà dípò Windows) wà lórí ẹ̀ tan ẹ̀rọ náà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í da fólúdà Documents kọ bí a ṣe ń da fáìlì kọ lójoojúmọ́. Linux náà kìlọ̀ fún mi pé kíkà nìkan lòun lè kà á, pé Windows kò pa ara rẹ̀ dé gbọ̀ngbọ̀n. Fast Startup ló fà á, torí tí a bá ní Shut down nínú Windows, ńṣe ló máa ń sùn díẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, oore ni fún mi, torí mi ò fẹ́ kí ohunkóhun kọ nǹkan sórí hádì yẹn mọ́. Fáìlì ń lọ fún bí ogójì ìṣẹ́jú, ó wá dúró sí ojú kan, tàk-tàk-tàk. Nígbà náà ni mo tó wá wo ìròyìn ìlera tí hádì máa ń kọ nípa ara rẹ̀, SMART ni wọ́n ń pè é. Smartctl ni mo fi ṣí i. Ibi tí hádì ti fi ibòmíì rọ́pò nítorí pé wọ́n ti bàjẹ́, nọ́ńbà 5 nínú ìròyìn náà, ti tó 1,384. Ibi tó ń fura sí, tí kò sì tíì rí kà, nọ́ńbà 197, jẹ́ 212. Mo dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún, mo tún wò ó: 347.

Ó yẹ kí n ti wo ìyẹn kí n tó da fáìlì kan ṣoṣo kọ. Bí hádì bá ti ń kú, fáìlì dídà kọ lọ́kọ̀ọ̀kan máa ń mú kí orí rẹ̀ máa sáré sókè sódò lórí àwo, ó sì máa ń dojú kọ ibi tó bàjẹ́ jù nígbà tí ibi tó dáa ṣì pọ̀. Ohun tó yẹ ni kí a kọ́kọ́ kó gbogbo ibi tó rọrùn láti kà, ní tẹ̀lé-n-tẹ̀lé, kí a fi èyí tó le sílẹ̀ dìgbà tó yá. Iṣẹ́ tí GNU ddrescue ń ṣe nìyẹn. Mo so hádì ìta mi tó jẹ́ 1 TB mọ́ ọn, mo fi àṣẹ lsblk to àwọn hádì tó so mọ́ ẹ̀rọ, mo wò ó lẹ́ẹ̀mejì kí n lè mọ èwo ni èwo (ẹni tó bá ṣi orísun mú dípò ibi tó ń kó o lọ, òun fúnra rẹ̀ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa á), mo sì kọ:

sudo ddrescue -d -n /dev/sda hadi.img hadi.map

Fáìlì .img ni àwòrán gbogbo hádì, odindi 500 GB, nítorí náà hádì tí a ń kó o sí kò gbọ́dọ̀ lo ètò ìpamọ́ fáìlì tí wọ́n ń pè ní FAT32, torí FAT32 kì í gba fáìlì kan tó bá ju 4 GB lọ. Fáìlì .map ni ìwé ìrántí rẹ̀: ibi tó ti kà, ibi tó fò, ibi tó kù. Mo sọ fún Ìyá Ìbejì pé kó máa lọ ilé. Kò lọ. Títí di aago méje alẹ́ ló fi jókòó tì í, ó ń wo nọ́ńbà tó ń gòkè bí ẹni ń wo ìkòkò àmàlà.

Ní nǹkan bí aago méjì òru, Nẹ́pà mú iná lọ. Bátìrì láptọ́ọ̀pù náà kò lè gbé e fún ìṣẹ́jú méjì, nítorí náà ó kú pátápátá, hádì ìta pẹ̀lú rẹ̀. Ká ní fáìlì dídà kọ lásán ni, àtibẹ̀rẹ̀ ni ǹ bá ti bẹ̀rẹ̀. Láàárọ̀, mo tan jẹnẹrétọ̀, mo tún kọ àṣẹ kan náà pẹ̀lú fáìlì .map kan náà, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ láti ibi tó dé. Lẹ́yìn náà ni mo fi -r3 rọ́pò -n (èyí tó ní kó fi ibi tó le sílẹ̀), kó lè padà sí àwọn ibi tó le lẹ́ẹ̀mẹta. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ bíi wákàtí mọ́kànlá. Nínú 500 GB, 38 MB péré ni kò lè kà.

38 MB kéré, ṣùgbọ́n ibi tó bọ́ sí ló ṣe pàtàkì. Mo ṣí àwòrán náà, mo sì ṣí gbogbo fáìlì Word inú ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́ta kò ṣí. Ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni Orí Kẹrin próójẹ́ẹ̀tì ọmọ kan tó gbọ́dọ̀ fi tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Ìyá Ìbejì gbé ọwọ́ lérí. Mo ní, "Mà, báwo lẹ ṣe máa ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí wọn kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò?" Ó ní, "Lórí WhatsApp." Ó dákẹ́ díẹ̀, ó sì yára fa fóònù yọ láti inú àpò. Méjì nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níbẹ̀, pẹ̀lú Orí Kẹrin yẹn. Ẹ̀kẹta kò tíì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ rárá. Fọ́tò ìwé àfọwọ́kọ tí ọmọ náà fi ránṣẹ́ ló kù, ojú ìwé mọ́kànlá. Kọ̀ǹpútà mi ló fi tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀ ní alẹ́ Ọjọ́rú.

Lẹ́yìn èyí, ohun tó kù rọrùn. Hádì kò ṣeé tọ́jú mọ́, nítorí náà mo ra SSD (ibi ìpamọ́ tí kò ní àwo tó ń yí) 256 GB, irú SATA tó fẹ̀ ní ínǹṣì 2.5, tó ń wọ ibi tí hádì wà gan-an. Sukúrù mẹ́rin ni. 74 GB péré ni gbogbo ẹrù ìyá, ó tó o. Mi ò kọ́kọ́ fi nǹkan kan sí i. H2testw ni mo kọ́kọ́ fi dán an wò, irinṣẹ́ kékeré tí ìwé ìròyìn c't ní Jámánì gbé jáde. Á kún ibi ìpamọ́ náà dé ẹnu, á sì padà ka gbogbo ohun tó kọ bóyá ó pé. Mo ti ra fláṣì rí tí wọ́n kọ 512 GB sí lára, tó jẹ́ pé 16 GB ni inú ẹ̀; ó ń gba fáìlì tẹ̀ríntẹ̀rín, ó sì ń kọ tuntun lé àtijọ́ lórí. SSD yìí pé.

Ìgbà tí mo fẹ́ fi Windows sí i ni mo rántí ohun kan tí mo ti rí fìrí lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Nínú Windows àtijọ́ yẹn, lójú ewé System, wọ́n kọ ọ́ pé "32-bit operating system, x64-based processor". Ẹni tó fi Windows sí i kẹ́yìn fi ti 32-bit sórí ẹ̀rọ tó lè gbé 64-bit. Windows 10 32-bit kì í lo ju 4 GB ráàmù lọ, bó ti wù kí èyí tí a kì sí i pọ̀ tó. Ẹ wá wo ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ìyá: ráàmù tí wọ́n rà kò bá ẹ̀rọ mu. Ká ní ó bá a mu, Windows kò ní lò ó. Ká ní Windows lò ó, hádì kò ní jẹ́ kí ìyá mọ̀ ọ́n.

Windows wo wá ni ká fi sí i? Windows 11 kò gba Intel ìran kẹrin. Ìran kẹjọ lọ sókè ni Microsoft fọwọ́ sí. Ọ̀nà ẹ̀yìn wà tí èèyàn lè gbà fi sí i, ṣùgbọ́n mi ò ní gba ọ̀nà ẹ̀yìn fún ẹ̀rọ tí ẹni kan fi ń bọ́ ìbejì. Windows 10 ní tirẹ̀, 14 oṣù Kẹwàá 2025 ni ìtìlẹ́yìn rẹ̀ parí. Mo fi Linux Mint han ìyá, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ torí ó fúyẹ́, àmọ́ nígbà tí LibreOffice, èyí tó ń ṣe iṣẹ́ Word níbẹ̀, ṣí próójẹ́ẹ̀tì kan tí nọ́ńbà ojú ìwé sì sún kúrò ní ipò rẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi, lẹ́kíṣọ́rà á lé ọmọ ọlọ́mọ jáde." Òdodo ni. Windows 10 64-bit la padà sí. Kò béèrè kọ́ọ̀dù tuntun, torí àṣẹ ìlò rẹ̀ ti wà lára bọ́ọ̀dù náà. Mo forúkọ ẹ̀rọ sílẹ̀ fún àfikún ààbò tí Microsoft ṣe fún àwọn tí kò lè kúrò lórí 10, èyí tó máa gbé e dé 13 oṣù Kẹwàá 2026. Mo sọ fún un gbangba pé ẹ̀rọ míì ni kó máa tu owó jọ fún. Mo tún fi bọ́tìnnì Yorùbá tó ti wà nínú Windows sí i fún un. Títí di ọjọ́ yẹn, inú fáìlì àtijọ́ kan tó pè ní "ÀMÌ" ló ti máa ń da ẹ àti ọ kọ, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mo ra ráàmù 4 GB míì, PC3L, ó di 8. Ká ní owó há ni, ǹ bá má jẹ́ kó rà á. SSD ló kọ́kọ́ yẹ ní gbogbo ọ̀nà, ráàmù ló tẹ̀lé e. Mo gbá ekuru inú fáànù, mo pààrọ̀ ohun funfun tó wà láàárín CPU àti irin tó ń gbé ooru rẹ̀ lọ, torí ó ti gbẹ bí ẹ̀kọ àná. Ooru rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti 93°C sí 71.

Ẹ̀rọ tó ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún kó tó dìde, 19 ìṣẹ́jú àáyá ló gbà báyìí. Ìyá ní kí n pa á kí n tún un tàn. Mo tún un tàn. Ó ní kí n ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i, òun fẹ́ fi fóònù ya fídíò rẹ̀ fún ọmọkùnrin yẹn.

Ráàmù PC3 yẹn wà lórí tábìlì mi. Kò bàjẹ́. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé láptọ́ọ̀pù 2011 wá, Intel ìran kejì, 2 GB ló wà nínú ẹ̀, irú tó ń fún ráàmù ní 1.5 volt. Mo kì í sí i, ó sì dìde nígbà àkọ́kọ́. Mo pe Ìyá Ìbejì pé mo ti rí ẹni tó máa ra ẹrù rẹ̀, mo sì gbé fóònù fún ọmọ náà kí wọ́n lè dúnàádúrà. Ọmọ náà kí i, ó fetí sílẹ̀, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mẹ́sàn-án yẹn ni, kò sì tíì san owó ìwé títẹ̀. Mo gbọ́ ohùn ìyá láti inú fóònù láìfi etí sí i:

"Kọ ọ́ mọ́ gbèsè ẹ!"